Agbẹ́jọ́ Ẹnì Kan Dá: Owó Ìrànwọ́ Tí Ìjọba San Jù àti Bó Ṣe Ń Gbà Á Padà

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà." Òwe náà kò gùn, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wí kì í ṣe ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Kò bá ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹjọ́ wá wí. Kò sọ pé onítọ̀hún purọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, kí ẹjọ́ sì jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán. Àgbà tó jókòó, tó gbọ́ ẹnu ọ̀kan, tó sì dá a síbẹ̀, òun ni òwe náà ń bá wí. Bí ìdájọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ bọ́ sí ibi tó yẹ, òṣìkà ṣì ni, nítorí pé ó gba ẹ̀tọ́ ẹnì kejì láti rò tẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló mú mi rántí òwe yìí. Ìjọba a máa san owó ìfẹ̀yìntì fún arúgbó, owó ìrànwọ́ fún aláìníṣẹ́, fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, fún ìdílé tí kò rówó jẹun. Nígbà mìíràn, iye tó san a máa ju iye tó yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá rí i pé òun ti san jù, òun náà ni olùpẹ̀jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni adájọ́, òun ló sì tún di àpò owó mú, tó lè yọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn. N kò mọ àgbà kankan láyé òde òní tó rọrùn fún láti gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá tó o.

Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a mọ bí ẹjọ́ ṣe ń lọ. Baálé ilé ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Bí kò bá yanjú, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ààfin Tìmì, ọba ìlú. Ibi yòówù kó dé, wọn kò ní dá a kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó rò tẹnu rẹ̀, ì báà jẹ́ olè ni wọ́n pè é. Lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì owó kì í gba ọ̀nà yìí. Ó ti ṣírò, ó ti dájọ́, ó ti kọ iye tí wọn yóò máa yọ lóṣooṣù kó tó dé ọwọ́ ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ìlú náà. Ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ẹdẹ kọjá, nítorí náà iṣẹ́ réluwéè kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Àwọn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ yẹn lábẹ́ ètò àtijọ́ ń gba owó lọ́wọ́ PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń wo ojú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tó bọ́ sínú ètò àjọdá tí òfin 2004 gbé kalẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ ń dá owó sápò kan, ọ̀nà tiwọn tún yàtọ̀. Àpò pọ̀, ìwé pọ̀, akọ̀wé pọ̀, àṣìṣe kò sì lè ṣaláì wọ ibẹ̀.

Àṣìṣe tó ń fa wàhálà jù ni ti ikú. Bàbá kú ní oṣù Ṣẹẹrẹ, owó ṣì ń wọ báńkì títí di oṣù Ògún, káàdì ATM sì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń bá a gba owó láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò ti gbé e dé báńkì mọ́. Lójú ìjọba, àsanjù ni gbogbo owó oṣù wọ̀nyẹn. Ìdí rèé tí PTAD fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì máa fi ojú wọn han fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láti jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè; ẹni tí kò bá ṣe é, owó rẹ̀ lè dúró. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Owó ìlú ni, ó yẹ kí a ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìwé kì í sọ. Lábẹ́ ètò àtijọ́, ọdún márùn-ún wà tí owó ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, owó ìyókù jẹ́ ti àwọn ẹbí tó fi sílẹ̀. Nítorí náà, ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí bàbá kú nínú méjèèjì, kí owó sì máa wọlé lẹ́yìn ikú nínú méjèèjì. Ilé kan jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilé kejì gba ohun tó tọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó gbà á kò bá ìlànà mu. Orúkọ òkú méjèèjì ni yóò jáde nínú ìwé kan náà. Bí a kò bá bi àwọn ará ilé, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí jù nípa Ọ̀ṣun. Ní 2015, nígbà tí owó tó ń wá láti Àbújá jó àjórẹ̀yìn, ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ó sì di 2018 kí ó tó dáwọ́ dúró. Gbèsè yẹn kò parẹ́. Ìjọba kan ń fi lé òmíràn lọ́wọ́, títí ó fi kan Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, tó gorí àléfà ní oṣù Bélú 2022, tó sì ń san án ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ro ti ìyá kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, tí ìpínlẹ̀ jẹ ní ààbọ̀ owó oṣù tó pọ̀, tí wọ́n wá kọ̀wé sí pé wọ́n ṣèèṣì san owó fún un jù. Ìyá náà lè má jiyàn pé òun gbà á. Ohun tó ní láti sọ ni pé kí wọ́n gbé ìwé gbèsè méjèèjì sórí tábìlì kan, kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú èkejì, kí wọ́n wá wò ó, ta ló jẹ ta? Ìbéèrè yẹn kò ní wáyé láé bí a kò bá pè é kó wá sọ̀rọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́ pátápátá lórí èyí. Abala 210 nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 ní a kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà sí ìpalára onítọ̀hún, àfi bí òfin kan bá fàyè gbà á. Èyí tó tilẹ̀ wú mi lórí jù wà nínú òfin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1974. Ó ní bí ẹni tó gbani síṣẹ́ bá rí i pé òun ti san owó iṣẹ́ jù, kìkì èyí tó san jù láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tó rí àṣìṣe náà ló lè yọ padà. Òfin kan náà ní gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ. Òfin yìí kò kan owó ìfẹ̀yìntì, kò sì kan gbogbo òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ bí ayé òṣìṣẹ́ ṣe rí. Ó mọ̀ pé owó tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti di gaàrí, ó ti di owó ilé ìwé ọmọ, ó ti di owó oògùn. Ó tún mọ̀ pé ẹni tó di ìwé mú ni àṣìṣe rẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ kàn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún ọ̀pọ̀ òfin wa lọ́wọ́ wọn náà ti rìn lọ́nà yìí rí. Tíṣà kan wà ní Avon tí kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ san owó fún un jù, owó náà lé ní £1,000, ó sì ti ná lára rẹ̀ kí wọ́n tó rí àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 1983 pé wọn kò lè gba kọ́bọ̀ padà: àwọn fúnra wọn ló mú kó gbà gbọ́ pé tirẹ̀ ni, ó sì ti fi ọkàn tó mọ́ gbé ìgbé ayé rẹ̀ lé e lórí. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún sọ fún ìjọba pé bí owó ìrànwọ́ bá di àsanjù nítorí àṣìṣe òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, òfin tó wà nílẹ̀ kò fún un lágbára láti fi dandan gbà á padà.

Kí ni ìjọba ṣe? Ó yí òfin padà. Òfin 2012 tó dá owó ìrànwọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní Universal Credit sílẹ̀ sọ pé gbogbo àsanjù lórí rẹ̀ ló ṣeé gbà padà, yálà ẹni tó gbà á ló ṣi ọ̀nà tàbí akọ̀wé ìjọba. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ kì í bẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ mọ́, àánú ló ń tọrọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ fi ń kọ̀wé. Ọ̀kan lára ohun tó wà nínú rẹ̀ láìpẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ owó olùtọ́jú. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ ni tàbí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá, ń gba £81.90 lọ́sẹ̀ ní ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Igbe 2024. Wọ́n fún un láyè láti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún náà, owó iṣẹ́ ọ̀hún kò gbọdọ̀ ju £151 lọ lọ́sẹ̀. Bó bá fi pẹ́nì kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe pẹ́nì yẹn ni wọ́n máa gbà, gbogbo £81.90 ọ̀sẹ̀ náà ló di àsanjù. Kọ̀ǹpútà ìjọba ń rí owó iṣẹ́ wọn láti ọ́fíìsì owó orí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnikẹ́ni kò wò ó fún oṣù, fún ọdún, tí gbèsè ń ga sí i lórí ẹni tí kò mọ̀. Ní 2024, àwọn tó ń san irú gbèsè yìí padà lé ní 134,000. Ìjọba yan Liz Sayce láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ìparí 2025, ìjọba gbà pé ìtọ́ni tí wọ́n fún àwọn akọ̀wé lórí bí a ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ tó ń lọ sókè sódò kò bá òfin mu, pé wọn yóò tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé yẹ̀ wò, àti pé nǹkan bí 26,000 ènìyàn lè rí i kí gbèsè wọn dín kù tàbí kó parẹ́.

Ọsirélíà ni ìtàn yìí ti burú jù, mo sì fẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbẹ̀. Owó ìrànwọ́ wọn ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹni tó bá níṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí kò ní gbà á, tàbí kó gba díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e yóò gbà á pé. Ọ́fíìsì owó orí, ní tirẹ̀, odidi ọdún ló fi ń ṣírò owó tó wọlé fún ènìyàn. Láti 2015, àwọn aláṣẹ mú iye ọdún yẹn, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà pín in sọ́nà 26 dọ́gbadọ́gba, kó sì fi wé ohun tí oníkálukú sọ pé òun rí ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìṣirò náà dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ kan ní Ẹdẹ kórè àgbàdo rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ, tí kò rí owó mìíràn títí ọdún fi parí, tí ẹnì kan wá pín owó ìkórè náà sí oṣù méjìlá, tó sì ń pè é ní òpùrọ́ nítorí ó ní òun kò lówó lọ́wọ́ ní oṣù Ọ̀pẹ. Ọmọ ilé ìwé tó fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́, tó fi oṣù mẹ́fà kàwé, tó sì sọ òtítọ́ ní gbogbo ìgbà, ti di onígbèsè.

Lẹ́tà jáde. Kò bi wọ́n pé báwo ló ṣe jẹ́. Ó ní kí wọ́n mú ìwé owó oṣù ọdún márùn-ún sẹ́yìn wá, láti ibi iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ti kú. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, gbèsè ti dúró lé e lórí nìyẹn. Wọ́n fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì fi àwọn agbowó gbèsè lé wọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá sọ pé a jẹ òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn, tí gbogbo ilé ẹjọ́ ayé mọ̀, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Àwọn ìyá kan wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé àwọn ọmọ wọn gba ẹ̀mí ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Ní 2014, kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò inú iṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu. Wọ́n gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di oṣù Bélú 2019 kí ìjọba tó gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé gbèsè bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 2020, wọ́n kéde pé àwọn yóò dá $721 mílíọ̀nù owó Ọsirélíà padà lórí gbèsè 470,000. Ní 2021, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí iye rẹ̀ tó $1.8 bílíọ̀nù, tí a bá ka gbèsè tí wọ́n pa rẹ́ mọ́ ọn. Catherine Holmes tó ṣe olórí ìwádìí náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ keje oṣù Agẹmọ 2023. Ìjọba tó ń wá owó kéékèèké lọ́wọ́ aláìní parí rẹ̀ sí sísan owó ńlá.

Ní Nẹ́dálándì, owó ìtọ́jú ọmọ ni. Àṣìṣe kékeré nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní kí òbí dá owó gbogbo ọdún padà, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn tó ní ìwé ìlú méjì ju àwọn yòókù lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó wó lulẹ̀. Ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹẹrẹ 2021.

Ibì kan wà tí òwe wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe é kò gbọ́ ọ rí. Ní Amẹ́ríkà, òfin owó ìfẹ̀yìntì wọn sọ pé bí ẹni tó gba àsanjù kò bá jẹ̀bi, tí gbígbà á padà yóò sì ni ín lára tàbí tí kò bá ẹ̀rí ọkàn mu, kí wọ́n fojú fò ó dá. Ní 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Califano àti Yamasaki. Ìjọba ní ìwé nìkan ti tó láti fi mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn adájọ́ ní rárá: bóyá ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò mọ̀, àfi kí ẹni tí yóò dá a rí i lójúkojú, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà. Iye tí wọ́n ń yọ lóṣù ni òṣèlú ń gbá kiri bíi bọ́ọ̀lù: ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025 wọ́n kéde pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò máa yọ, kó tó pé oṣù méjì wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo èyí jìnnà sí wa, pé ní Nàìjíríà ìrànwọ́ fúnra rẹ̀ ni a kò rí gbà, ká tó wá sọ ti àsanjù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta ní 2023, kò pẹ́ tí ètò náà fi dúró. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, ààrẹ ní kí mínísítà tó ń bójú tó o lọ rọ́kún nílé lórí ọ̀rọ̀ ₦585 mílíọ̀nù tí wọ́n fẹ́ san sínú àpò ẹnì kan, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, sì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti gba owó tó lé ní ₦32 bílíọ̀nù padà nínú ìwádìí náà. Lọ́dọ̀ tiwa, orí òkè ni ihò náà wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń yí padà. Ìjọba àpapọ̀ ti ní ẹni tí kò bá ní NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, kò ní rí owó ìrànwọ́ gbà mọ́, inú báńkì tàbí fóònù ni owó náà sì ń gbà. Ìyẹn dára, ó ń dín olè kù. Ó tún túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yóò máa rí ìwé owó oṣù, ìwé báńkì àti ìwé ìrànwọ́ papọ̀, yóò sì máa sọ ta ló gba ohun tí kò tọ́ sí i. Ní Ọ̀ṣun, a ti rí bí èyí ṣe lè rí. Ní 2025, ilé iṣẹ́ kan tí ìpínlẹ̀ gbà láti yẹ ìwé òṣìṣẹ́ wò sọ pé òṣìṣẹ́ tó lé ní 8,000 ni òkú òru, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí kò sí. Ìjọba ní òun pe àwọn ènìyàn náà kí wọ́n wá fara hàn, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá lórí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn méjèèjì jiyàn lórí iye tó jẹ́ òótọ́, n kò sì ní bá wọn dá a. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n pè wọ́n kí wọ́n tó yọ wọ́n.

Pípè yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ àánú gómìnà kan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun lè kọ ọ́ sínú òfin, PTAD sì lè kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀. Kí lẹ́tà àsanjù wá ní Yorùbá, kó fi ìṣirò náà hàn láti oṣù dé oṣù, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan. Kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kọjá. Kí ìjọba fi iye tó jẹ onítọ̀hún sínú ìwé kan náà. Bí àṣìṣe bá jẹ́ ti akọ̀wé, kí oṣù mẹ́ta òfin 1974 kan owó ìfẹ̀yìntì náà, kí ohun tí wọ́n ń yọ má sì ju ìdá mẹ́ta lọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n má ní kí ẹni ọgọ́rin ọdún wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo tàbí Àbújá láti lọ rò tẹnu rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ wà ní Ọjà Tìmì, ti Gúúsù Ẹdẹ náà wà nínú ìlú. Kí òṣìṣẹ́ kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ní àṣẹ láti dá yíyọ owó dúró lọ́jọ́ tí arúgbó náà bá wọlé, kó ṣí fáìlì rẹ̀ níwájú rẹ̀, kó sì kọ ohun tó bá sọ sínú rẹ̀.